Ó Ku Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Kí Ìwé Àtijọ́ Kú

Ológìnní ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé bó ṣe ń rìn lórí òrùlé, ológbò nìkan ló ń rìn bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń kan páànù mọ́ orí ilé, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó sin ìyàwó bíríkìlà lọ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò, orí àga tí kò ga ju orúnkún lọ ni ẹ̀rù ti bà á débi pé ó di etí àga náà mú bí ẹni tó fẹ́ já bọ́.

Ògiri-ò-lanu ni wọ́n ń pe bíríkìlà yẹn nígbà ayé rẹ̀, nítorí pé ògiri tó bá mọ kì í là. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lòun àti Ológìnní. Ọ̀kan á mọ ilé tán, èkejì á bò ó lórí. Oṣù méjì sẹ́yìn ni àyà ṣàdédé gbé e nígbà tó ń wẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, kí wọ́n sì tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn kò tíì wọ ilé ìwé. Ìyàwó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ló bá bẹ Ológìnní pé kó bá òun lọ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nípa owó tí ọkọ òun ń san sílẹ̀ nítorí ọjọ́ ikú.

Akọ̀wé tó dá wọn lóhùn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì fún opó náà lómi mu kó tó ṣí fáìlì. Ó wá ní ilé iṣẹ́ àwọn kò ní lè san owó náà.

"Ẹ wò ó, mà, ọdún méjì àkọ́kọ́ ni a láṣẹ láti yẹ gbogbo ohun tí oníbàárà bá sọ fún wa wò," ó ní. "Ọkọ yín ò tíì lo ọdún kan lọ́dọ̀ wa. A bi wọ́n bóyá àyà ti dùn wọ́n rí, wọ́n ní rárá. Ìwé ọsibítù sì sọ pé wọ́n ti wá sọ́dọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀mejì nítorí àyà."

Opó náà ní irọ́ kọ́ ni ọkọ òun pa. Ó ní níṣojú òun ni ọkọ òun ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, nínú pálọ̀ àwọn, pé àyà máa ń dun òun. Ọkùnrin tó gbé fọ́ọ̀mù wá ló ń kọ ọ́. Ó tún ní ọkọ òun ti ní ìwé adójútòfò mìíràn tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń san án, ọkùnrin yìí kan náà ló ní kó jáwọ́ nínú rẹ̀. Akọ̀wé mi orí. Ó ní ká ní ó dúró sórí ti àtijọ́ ni, ọdún méjì ti ìyẹn ti kọjá tipẹ́, wọn ì bá ti sanwó láì tú ìwé ọsibítù kankan wò. Bí èèyàn bá ti gba tuntun, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Tí ẹ bá rí ẹni tó lè jẹ́rìí pé bí aṣojú wa ṣe kọ ọ́ kọ́ ni ọkọ yín ṣe sọ ọ́, ẹ mú un wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì," ó ní. "Ẹlòmíì ni o, mà. Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbowó."

Níbẹ̀ ni Ológìnní ti di etí àga mú. Òun náà ti jáwọ́ nínú ìwé àtijọ́ tirẹ̀ ní oṣù márùn-ún àti díẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ kan náà ló kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Èyí tó tún wá burú jù ni pé òun gan-an ló mú ọkùnrin náà wá síbi iṣẹ́, tó ní kí Ògiri-ò-lanu fetí sí i.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn. Oníbáàgì ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí báàgì dúdú kan tí kì í kúrò léjìká rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn débi tó lè yọ ejò nínú ihò. Ògiri-ò-lanu fọwọ́ sí tirẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ológìnní fà sẹ́yìn díẹ̀, torí ìwé tirẹ̀ ti pẹ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Ọdún tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì ló ti gbà á, àwọn ọmọbìnrin náà sì ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Oníbáàgì ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní ìwé yẹn ti gbó. Ó ní owó oṣooṣù ti tuntun kéré sí i, ohun tí ẹbí máa rí gbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Tó bá tún pa ti àtijọ́ tì, wọ́n á ka owó díẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kò sọ fún un pé wọ́n á kọ́kọ́ gé nínú owó náà. Kò sọ pé owó oṣooṣù tuntun yẹn á máa fò sókè bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ. Kò sì sọ pé orí ìwé tuntun lòun ti ń rí èrè jẹ, pé ìwé tó ti pẹ́ kì í bọ́ aṣojú. Ológìnní fọwọ́ sí i.

Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ opó náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò padà síbi iṣẹ́. Ilé ló gbà lọ. Kò sí ẹnì kankan nílé; ìyàwó rẹ̀ wà ní ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ìbejì wà nílé ìwé. Ó fa páálí ìwé jáde lábẹ́ ibùsùn, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka fọ́ọ̀mù náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti fọwọ́ sí i.

Ní ojú ìwé kẹta ló ti bá a. Wọ́n béèrè bóyá dókítà ti sọ fún un rí pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnì kan ti fa ìlà sínú àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ *Rárá*. Ìlà náà tọ́, ó mọ́ tónítóní, ó sì dúdú.

Ó rántí ọjọ́ náà. Ó ti gbàgbé awò ojú sínú ẹ̀wù iṣẹ́, Oníbáàgì ló ń ka ìbéèrè sí i létí, tó sì ń kọ ìdáhùn. Nígbà tó kan ìbéèrè yìí, Ológìnní ní bẹ́ẹ̀ ni, pé dókítà ti sọ fún òun ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pé òun lo òògùn fún oṣù mẹ́rin kí òun tó dá a dúró. Oníbáàgì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn náà làìsàn? Ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ru láyé tí a wà yìí?" Ó sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn.

Ológìnní bọ́ awò ojú. Bí òun bá kú lónìí, ó ronú, ọ̀la ni wọ́n á jókòó ti ìyàwó òun, wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á sì ṣí fáìlì.

Nísàlẹ̀ páálí náà ló ti rí lẹ́tà kan tí kò ṣí rí. Ilé iṣẹ́ àtijọ́ ló kọ ọ́. Ó ti rò pé ìwé ó-dàbọ̀ lásán ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí oníbàárà bá yí ọkàn padà láàárín oṣù mẹ́fà, ó lè dá owó tó gbà padà, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ara, kí wọ́n wá wò ó bóyá wọ́n á jí ìwé rẹ̀ dìde. Ológìnní yọ kàlẹ́ńdà lára ògiri, ó ka ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n lára owó tó yẹ kó dá padà ni wọ́n ti san owó ìdánwò àwọn ìbejì, ìyókù ló fi ra ẹ̀rọ tó ń gé páànù. Ara tí wọ́n sì fẹ́ yẹ̀ wò, ara ọkùnrin ọdún méjìléláàádọ́ta tó pa òògùn tì ni. Ó dá gbogbo ìwé náà padà sínú páálí, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, tó béèrè bí ọ̀ràn opó náà ṣe lọ, ó ní wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ kejì, ilé alájà mẹ́ta kan ni wọ́n ń bò. Ó gun àkàsọ̀ bó ṣe máa ń gùn ún, ó tẹ̀ sórí igi òrùlé, ó gbé ìṣó sẹ́nu. Ó rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ó wo ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ ló rí. Ìyàwó rẹ̀ ló rí, lórí àga kúkúrú yẹn, tó gbé ife omi dání. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di igi mú, òógùn bò ó, ìṣó sì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó fẹ́ lọ síwájú, ẹsẹ̀ tún kọ̀. Bí ẹ̀rù bá ṣe ń bà á tó ni orí rẹ̀ ń fọ́ tó, bí orí sì ṣe ń fọ́ tó ni ó ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló dé yẹn, pé ó ti dé náà nìyẹn. Fọ́máànù fúnra rẹ̀ ló gùn wá bá a, tó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú lẹ́yìn, tí wọ́n sì jọ fi ìdí wọ́ dé ibi àkàsọ̀ bí ọmọdé tó ń kọ́ àtẹ̀gùn sísọ̀. Ẹnì kan nísàlẹ̀ ní ológbò ti sọ èékánná nù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, nígbà tí wọ́n sì rí ojú rẹ̀, wọ́n sáré di àkàsọ̀ mú fún un.

Kò dúró di ọ̀sán. Ilé ìfọṣọ ló lọ tààrà.

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí áyọ́ọ̀nù ńlá lẹ́yìn ilé, ibi tí ooru omi ti máa ń bo gbogbo yàrá bí kùrukùru. Ó ń lọ aṣọ ibùsùn ọsibítù, wọ́n ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òkè. Bó ṣe rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó béèrè ta ló kú. Ológìnní ní kò sẹ́ni tó kú. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pamọ́: fọ́ọ̀mù, òògùn tó pa tì, lẹ́tà, ọjọ́ mẹ́jọ tó kù, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kọ̀ lórí òrùlé. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ọwọ́ àbúrò mi ló kọ *rárá* yẹn?"

Ológìnní ní ọwọ́ rẹ̀ ni.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ta ẹ̀rọ tó ń gé páànù pẹ̀lú àdánù, ìyàwó rẹ̀ gba àjọ rẹ̀ ṣáájú àsìkò, owó náà sì pé. Ọ̀rọ̀ owó rọrùn ju ọ̀rọ̀ ara lọ. Ní ilé ìwòsàn tí ilé iṣẹ́ àtijọ́ rán an lọ, nọ́ọ̀sì wé aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ó wo iye tó jáde, ó tú u, ó tún un wé. Ó ní kó lọ jókòó síta fún ogún ìṣẹ́jú, kó má ro nǹkan kan. Ta ló lè jókòó síwájú ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ kó má ro nǹkan kan? Nígbà tó padà wọlé, iye náà tún ti ga sí i. Dókítà bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù tó báyìí. Ológìnní ní ìwé ni. Dókítà rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Nínú fọ́ọ̀mù tọ̀tẹ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ ló ka ìbéèrè, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn, *bẹ́ẹ̀ ni* sì ni ó kọ síbi tó yẹ. Ní ọjọ́ mẹ́ta kí gbèdéke tó pé, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ àtijọ́. Bàbá àgbàlagbà kan ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ní àwọn á fèsì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, pé òun ò lè ṣèlérí. Kí wọ́n tó jáde, ó pè wọ́n padà.

"Ẹ má fọwọ́ kan ìwé tuntun yẹn o, kí èsì wa tó dé," ó ní. "A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Àṣìṣe tí ẹ ṣe lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá dì sí. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún opó bíríkìlà kò ní dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ológìnní nìkan ni ẹni tó lè jẹ́rìí sí bí Oníbáàgì ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù, nítorí ohun kan náà ni ó ṣe fún òun. Ṣùgbọ́n bó bá lọ sọ ọ́, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ wà nínú ìwé tirẹ̀, wọ́n á sì fagi lé e lójú ẹsẹ̀. Kò ní ní tuntun mọ́, kò sì ní mọ̀ bóyá òun á rí ti àtijọ́. Bó bá dákẹ́, opó náà pàdánù.

Ọjọ́ tó ku ọjọ́ kan péré kí ọ̀sẹ̀ méjì opó náà pé ni Oníbáàgì wá sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ránṣẹ́ pè é. Ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì gbé báàgì rẹ̀ lé orí tábìlì. Nígbà tó rí fọ́ọ̀mù tó wà nílẹ̀ tó ṣí sí ojú ìwé kẹta, ẹ̀rín náà pòórá. Kò jiyàn. Ó ní gbogbo aṣojú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé bí èèyàn bá kọ gbogbo ohun tí oníbàárà sọ sílẹ̀, ìwé mẹ́wàá ò lè jáde lọ́dún. Ó ní òun ò rò pé ẹnikẹ́ni máa kú. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Ológìnní, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá lọ sọ ọ́, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn. Ìwé tiyín náà á sì lọ. Ọdún kan àti ààbọ̀ péré ló kù fún yín. Ẹ ṣáà máa rọra."

Òótọ́ ni, Ológìnní náà ti ro bẹ́ẹ̀: kí òun má gun òrùlé, kí òun máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí òun má bínú, kí òun ṣáà máa mí títí ọjọ́ náà á fi pé. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

Obìnrin náà ká fọ́ọ̀mù náà. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ká ní ẹ̀yin lẹ kú, tí Ògiri-ò-lanu sì mọ ohun tí ẹ mọ̀ yìí, tó wá dákẹ́ torí ìwé tirẹ̀, kí ni mo máa pè é?" Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ, ọmọ ìyá mi ni ẹ́, mi ò sì ní sọ pé mi ò mọ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n opó kan ń bẹ níta, ọwọ́ rẹ ló sì kọ ọ́. Dìde nílẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì Ológìnní lọ. Akọ̀wé olóhùn tútù kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀, ó kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Ológìnní fẹ́ fọwọ́ sí i, akọ̀wé bi í bóyá ó mọ ohun tí èyí máa ṣe sí ìwé tirẹ̀. Ológìnní ní òun mọ̀. Ó gba kálàmù, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló fi wà láìní ìwé kankan. Kò rò pé òun lè ṣàlàyé ọjọ́ wọ̀nyẹn fún ẹnikẹ́ni. Bó bá fẹ́ sọdá títì, á dúró títí ọkọ̀ kankan ò fi ní sí lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn á sì máa kọjá lára rẹ̀. Bí ó bá wú ikọ́, ó ń gbọ́ ọ bíi ti ẹlòmíràn. Fọ́máànù ní kó máa gé igi nísàlẹ̀, ó sì gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kéré sí i. Ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró tì í láràárọ̀ títí á fi gbé òògùn rẹ̀ mì, á sì ní kó la ẹnu kí òun wò ó, bí ẹni ń yẹ ẹnu ẹṣin wò. Àwọn ìbejì ò mọ ohun tó dé, wọ́n kàn rí i pé bàbá àwọn ti ń jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń kàwé.

Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ológìnní ò lè ṣí i. Ìyàwó rẹ̀ nu ọwọ́ lára aṣọ, ó fi ọ̀bẹ ya etí rẹ̀, ó kà á sínú ná, ètè rẹ̀ ń mì. Ìṣẹ́jú yẹn ló gùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó wá kà á síta. Wọ́n jí ìwé náà dìde, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ẹbí ì bá gbà ni wọ́n á san báyìí, owó oṣooṣù rẹ̀ sì lé sí i nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní àwọn tún lè yẹ ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́tẹ̀ yìí wò láàárín ọdún méjì. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ológìnní ò yọ̀. Ó kàn jókòó sórí ibùsùn, ó sì sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òkú.

Ní ti opó bíríkìlà, ilé iṣẹ́ tuntun kò san gbogbo owó náà. Wọ́n ní aṣojú jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n olóògbé náà fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Wọ́n bá a parí rẹ̀ sí ìdajì. Ó gbà á. Ó fi sanwó ilé, ó sì mú àbíkẹ́yìn rẹ̀ wọ ilé ìwé. Títí di òní, kò bi Ológìnní léèrè ẹni tó kọ́kọ́ mú Oníbáàgì wá síbi iṣẹ́. Ológìnní mọ̀ pé ó mọ̀. Lọ́jọ́ tó lọ bá a tún ìgànná rẹ̀ ṣe, ó fẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Obìnrin náà ní kó jọ̀ọ́, kó gbé pákó yẹn sí ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Oníbáàgì. Ó lé lóṣù mẹ́rin kó tó tún tẹ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wá ní ọjọ́ Àìkú kan, kò gbé nǹkan kan kọ́ èjìká, ó sì ti rù. Wọ́n bu oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́. Ó bá àwọn ìbejì ṣe ìṣirò tó ń dà wọ́n láàmú, nítorí orí rẹ̀ pé fún ìṣirò láti kékeré. Nígbà tó ń lọ, Ológìnní sìn ín dé ẹnu àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ló ti sọ, láì gbójú sókè, pé kí Ẹ̀gbọ́n má bínú sí òun mọ́. Ológìnní ní òun ti gbọ́. Kò sì lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ó dúró síbẹ̀ títí ó fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ padé, ó sì padà wọlé lọ bá ìdílé rẹ̀.